Ọkọ̀ Tó Kọ Ọ̀nà Tààrà

                                        Ìsọ̀ Jórinjórin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó sá lọ tó fi mí sílẹ̀ sáàárín àwọn ọkùnrin,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ń gbádùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ẹni tí mo mọ̀ dájú pé ó ti ka lẹ́tà yìí dé ìdajì kí ó tó gbé e lé ọ lọ́wọ́? Ẹ kú àmójútó o, sà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àbígbẹ̀yìn ti jáwọ́ nínú jíjẹ pẹ́ńsù àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Màmá ńkọ́, orúnkún wọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, àti pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ìbínú jókòó. Bá mi kí wọn tìfẹ́tìfẹ́. Sọ fún wọn pé mo ní dókítà náà kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni.

Àwa náà ń bẹ níbí, a sì ń dúpẹ́. Ara le, oúnjẹ kò wọ́n wa, òrùlé kò sì jò ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ wa ṣì dúró síbi tí o fi í sí. Àga rẹ ti di ti ọkùnrin tuntun kan tó gbà pé ojo ló ń tẹ bíréèkì. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láràárọ̀, èmi a sì máa wo ojú wọn bíi pé kí n dágbére fún wọn. Wọ́n ní ìwọ ní tìrẹ wà ní ọ́fíìsì tí fáànù ń fẹ́ sí ọ lórí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi ọkọ̀ gbé ọ kọlu òpó. Kú ìgbádùn o. Kò kúkú sí ẹni tó ń bínú.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ bóyá ọkọ̀ mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ tààrà. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ibí. O ṣeun púpọ̀. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ẹni tó ń fi ìka ro egbò ẹni wò. Fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa kí n rò ó fún ọ, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Nítorí ọkọ rẹ tí kò mọ eré wa, jẹ́ kí n là á yé wọn ná. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ọ̀dà kan tó gùn lọ gbọọrọ. Iná á tàn, àwọn méjèèjì á gbéra, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Kò sí kọ́nà níbẹ̀, kò sí òkè, kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ yà sí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ ni pé kó lọ síwájú. Ọkọ̀ tèmi nìkan ló rí nǹkan mìíràn ṣe. Bí mo bá ti tẹná mọ́ ọn báyìí, ìdí rẹ̀ á wọlẹ̀ lápá kan, imú rẹ̀ á gbéra lápá kejì, a ó sì kọrí sí ògiri kọ̀ǹkéré tó wà lápá ọ̀tún pápá bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Kí n tó fi sítíárìn bẹ̀ ẹ́ padà, ọkọ̀ kejì ti lọ ń mu omi ní òpin ọ̀nà. Lẹ́yìn tí o lọ, ó tiẹ̀ fi gíláàsì ẹ̀gbẹ́ nu ògiri náà lọ́jọ́ kan, gíláàsì sì ṣẹ́kù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará pápá wá sọ mí ní Yà-Sọ́tùn-ún. Rò ó wò o: èmi tí mo ń kọ́ gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń di sítíárìn mú.

Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn kò wọ́n. O mọ̀ pé bí wọ́n bá ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó náà á yọjú. Ọ̀kan ní kí n máa wo iwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni mo ti ń wò tẹ́lẹ̀. Òmíràn ní ọwọ́ ọ̀tún obìnrin ló máa ń fa nǹkan, nítorí ṣíbí ọbẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ọkọ mi, jórinjórin tí gbogbo ayé ń yìn, wò mí lójú níbi tí mo ti ń bu oúnjẹ fún un, ó ní bóyá ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ògiri. Mo sì bu oúnjẹ náà kéré díẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ nínú jù ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. O kò lè gbàgbé Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì, àwọn tí ikùn wọn máa ń kọ́kọ́ wọlé kí àwọn fúnra wọn tó dé. Abẹ́ àtíbàbà ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì wọn ni ọkọ mi ti ń jórin. N kò ní purọ́ mọ́ wọn: nígbà tí bàbá wọn kú, àwọn ni wọ́n tọ́ ọkọ mi dàgbà, àwọn náà ni wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìjórin àkọ́kọ́ fún un. Wọ́n ṣe é, wọ́n gbìyànjú. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní òru ni, ọkọ mi á tan iná ní ọ̀sán gangan. "Ó dára, sà" ni gbogbo èdè tó gbọ́ bí wọ́n bá wà ní tòsí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì dákẹ́, kò sì jí mọ́. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé tèmi. Wọ́n wá sí ìsọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta táyà ọkọ̀ mi, wọ́n ní ọkọ̀ tí kò mọ ọ̀nà tààrà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, pé búrẹ́dì kì í yà sọ́tùn-ún. Wọ́n ní ká gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún yà ní pápá, kí ọkọ mi tú ẹ́ńjìnnì náà kó sì gbé e sínú ọkọ̀ búrẹ́dì. Mo yíjú sí ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó ní, "Ó dára, sà."

Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n ń sọ? Èyí tí èmi àti ìwọ jọ tò láti orí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, kí n tó mọ ẹni tó ń jẹ́ jórinjórin rárá. Èyí tí o fi àtùpà ọwọ́ rẹ tàn án fún mi títí ọwọ́ rẹ fi kú. Òun ni wọ́n fẹ́ kó máa kó búrẹ́dì oníṣúgà kiri. Inú mi dùn gan-an ni, bí o ṣe lè rò ó. N kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù.

Mo pinnu pé a ó wá ìdí ọ̀rọ̀ náà ní ìdí ọkọ̀, kì í ṣe ní ọwọ́ mi. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dúró sẹ́yìn kó fi fóònù ká mi sílẹ̀ níbi tí mo ti ń gbéra. Nígbà tí a wò ó, ọ̀rọ̀ tán. Bí mo ṣe tẹná ni ara ọkọ̀ jókòó sórí ìdí kan ṣoṣo, bí ẹni tí eéwo mú ní ìdí kejì. Táyà òsì nìkan ló ń tì wá lọ ní tòótọ́. Ti ọ̀tún ń yí lásán, ó ń ṣe èéfín, ó ń fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ọkọ mi wò ó, ó tún un wò, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rù mọ́. Kò sì ní kí n má bínú o. Ṣé o rò pé àwọn ọkùnrin máa ń sọ bẹ́ẹ̀? Ó kàn dìde, ó gbé ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tó bá níbẹ̀ pọ̀. Àwọn irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀, tí a ń pè ní áàmù, fẹ́lẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Rọ́bà inú wọn, ìyẹn búṣì, ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ láìsọ fún wa. Gbogbo agbára tí èmi àti ìwọ kó sínú ẹ́ńjìnnì yẹn, orí ìdí jẹ́gẹjẹ̀gẹ yìí ló ń bọ́ sí, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń wo ọwọ́ mi.

Bí ọkọ mi ṣe dákẹ́ tó nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, irin kò lè sọ pé òun kò gbóhùn rẹ̀. N kò ní fi ohun tó ṣe níbẹ̀ dù ú. Ó fi páìpù tó nípọn ṣe áàmù tuntun, ó gé ẹnu wọn bíi ti nọ́ọ̀tì kí a lè máa fà á gùn tàbí kí a dín in kù. Ó sọ ojú ihò tí wọ́n ń de áàmù náà mọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí agbára lè tẹ táyà mọ́ ọ̀dà bí ọkọ̀ bá ń gbéra. Ó fi búṣì líle sí i, ó fi ṣọ́ọ̀kì tí èèyàn lè mú le tàbí mú rọ̀ sí i. Ní ìparí, ó jó irin ìdábùú kan, èyí tó ti apá ọ̀tún dé apá òsì lábẹ́ ìdí ọkọ̀, tí kò ní jẹ́ kí ara ọkọ̀ lè jókòó sórí ìdí kan mọ́. Ojú ibi tó jó mọ́ra dán bí ìránṣọ. Mo dúró, mo ń wò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí jì í.

Òfin kan wà lórí irin ìdábùú yìí. Àfi kí awakọ̀ jókòó sórí ìjókòó rẹ̀ lápá òsì, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí a tó fi bóòtù de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìgbà yẹn ni irin náà á sinmi, tí kò ní máa fa ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí ìwúwo tó wà lórí ìjókòó bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ sáré, irin á ti lọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní kó dúró dè mí. Nígbà tí mo dé, ó ti nu ọwọ́, ó ní iṣẹ́ ti parí. Mo bi í bóyá èèyàn jókòó sórí ìjókòó nígbà tó ń dè é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò purọ́. Èmi ni n kò béèrè irú èèyàn tó jẹ́.

Ọjọ́ pápá pé. Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì ti débẹ̀ kí a tó dé, wọ́n yá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, wọ́n sì kó okùn àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn kó o dání ni, pé ẹni tó bá gbọ́n a máa múra sílẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Mo wọkọ̀, mo dé akoto, mo sún mọ́ ìlà. Iná tàn. Mo tẹná mọ́ ọn, ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀ bó ṣe yẹ, táyà méjèèjì di ọ̀dà mú. Ọ̀tún tí mo ń retí kò dé! Ayọ̀ gbọ̀n mí. Mo ní Yà-Sọ́tùn-ún ti kú lónìí. Ibi tí mo ti ń yọ̀ ni imú ọkọ̀ ti kọrí sí òsì, ó ré kọjá ìlà funfun àárín, ó wọ ojú ọ̀nà ẹni tí a jọ ń sáré. Ọkùnrin yẹn tẹ bíréèkì, ó tẹ fèrè, ó tún rántí àwọn ìyá mi kan. Wò ó, wọ́n wò wá sàn ní apá ọ̀tún, a gbé àìsàn náà lọ sí òsì.

Alámòójútó pápá wá bá mi. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí. Ó ní òun rò pé ọ̀tún ni mo máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo ní a fẹ́ràn àyípadà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan sí i bí àwọn yòókù bá ṣe tiwọn tán. Bí táyà mi bá kan ìlà funfun, kí n gbé ọkọ̀ náà lọ ilé kí n má sì gbé e padà wá mọ́ láéláé. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, Ẹ̀gbọ́n ti ń tú ìdì okùn.

Mo bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀ẹ̀kan ṣì kù. Wọ́n ní kò burú, àwọn kì í kánjú. A gbé ọkọ̀ sórí kọ̀ǹkéré tó tẹ́jú níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, mo gba sípánà lọ́wọ́ ọkọ mi, mo rá wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ eré mi lọ́rùn. Mo tú nọ́ọ̀tì tó wà ní ọwọ́ òsì irin ìdábùú, kí n wò ó bóyá irin náà ń sinmi lóòótọ́. Nọ́ọ̀tì bọ́, ṣùgbọ́n bóòtù kò kúrò lójú ihò. Mo fà á, mo lù ú, mo bá a sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí nítorí ọkọ rẹ. Kò mira.

Ibi tí mo wà ni oòrùn ti lé Ẹ̀gbọ́n kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Mo rí bàtà wọn tó ń bọ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ mi, wọ́n wọlé sí ìjókòó awakọ̀, gbogbo ọkọ̀ mí kanlẹ̀ lórí mi. Bóòtù tí mo ti ń lù láti àárọ̀ yọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ehín ọmọdé.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rí ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti kí i. Ọkọ̀ gbéra díẹ̀, ojú ihò méjèèjì kò ṣe déédéé mọ́. Wọ́n padà wọlé, ojú ihò tún ṣe déédéé. Mo pe ọkọ mi. Ó rá wá bá mi lábẹ́ ọkọ̀, a wá sùn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wa bí ọjọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo fi ihò náà hàn án. Mo wá rọra bi í léèrè pé ta ló jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo páìpù èéfín bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló wá wò ó ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́. Àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ṣé àgbà á wá dúró kí àbúrò rẹ̀ máa ṣiṣẹ́? Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ mi, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ búrẹ́dì náà tán, oorun sì gbé wọn lọ. Ọkọ mi dúró, ó dúró, wọn kò jí. Ta ló máa jí wọn? Ta ló máa sọ fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà pé kó dìde? Ó ronú pé ohun tí mo sọ ni pé kí èèyàn ṣáà wà lórí ìjókòó, Ẹ̀gbọ́n sì ni èèyàn, àní èèyàn tó pọ̀. Ó bá de irin mọ́ wọn lábẹ́ lójú oorun.

Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ mi kò ní àbùkù kankan. Wọ́n ti tò ó kó lọ gbọnrangandan, bó bá jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì ló fẹ́ sáré.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí Ẹ̀gbọ́n bọ́ sílẹ̀, kí n jókòó, kí ọkọ mi tún ọwọ́ irin náà ṣe títí bóòtù á fi wọlé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni. Ibi tó ti le ni ti àkọ́kọ́, torí wọ́n ti bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti na ẹsẹ̀, wọ́n sì ti dijú. Mo ní kí n lọ sọ ọ́. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Òun náà mọ̀ pé bó bá jẹ́ ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ìyàwó ilé ló lé àgbà dìde nìyẹn, ẹjọ́ náà kò sì ní tán títí a ó fi darúgbó. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ àwọn yòókù tí wọ́n ń sáré tiwọn tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ẹ́ńjìnnì wa láti ìsàlẹ̀, mo rò ó pé bóyá ìgbà ìkẹyìn nìyí tí màá rí i níbẹ̀.

Ọkọ mi wá la ẹnu lábẹ́ ọkọ̀ tó wà. Kò jáde o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn sí gbangba.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ sílẹ̀."

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi jókòó. Ìjókòó rẹ̀ ni."

Bàtà wọn kò bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé bàtà dání, wọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n yá, wọ́n kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ náà mọ̀ pé ó sàn kí wọ́n pariwo.

Mo jókòó. Ọkọ mi tún ọwọ́ irin náà ṣe, ó fi ìka kan ti bóòtù, ó wọlé wọ́ọ́rọ́, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ràn nígbà tó jáde síta. Ó fi ọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀, ìyẹn ni pé kí n máa lọ, òun náà sì yí padà, ó ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo sún mọ́ ìlà. Mo fi ọwọ́ tí gbogbo wọn ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí di sítíárìn mú. Iná tàn. Mo tẹná mọ́ ọn, ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, imú rẹ̀ gbéra, ó sì lọ. Ó kàn lọ ni. N kò fi sítíárìn ṣe nǹkan kan ju pé mo dì í mú. Mo ń retí ọ̀tún, mo ń retí òsì, ọ̀kankan kò dé, òpin ọ̀nà ló ń bọ̀ wá bá mi. Mo pariwo nínú akoto. Ọkọ̀ kejì fi imú ṣáájú mi dé òpin, ó sì lè máa fi imú rẹ̀ lọ. Alámòójútó pápá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó wo ipa táyà, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ti tó ayẹyẹ.

Mo sáré padà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Mo bá ọkọ mi níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá. Ó ń bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti lọ ló ti ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣì kẹ̀yìn sí pápá. Alámòójútó fúnra rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀, ó fi ohùn òkè sọ pé ọkọ̀ náà lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan o. Wọ́n ní àwọn kì í jẹ́rìí sí ohun tí ojú àwọn kò tó. Wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀ níwájú ọkọ mi, wọ́n ní kó mú sípánà.

Mo ti ya ẹnu. Mo ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀, o mọ̀ mí. Àmọ́ ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ojú sókè, kò tú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní kúrò nínú ọkọ̀ ìyàwó mi."

Wọ́n ní kó tún un sọ. Mo rò pé ohun tó máa kàn ni "Ó dára, sà." Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ẹ̀gbọ́n ká okùn wọn, wọ́n kó ẹ̀wọ̀n sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì bá wa sọ̀rọ̀, búrẹ́dì tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀ kò sì dé mọ́. A kò tíì mọ̀ bóyá abẹ́ àtíbàbà náà ṣì jẹ́ tiwa. Ọkọ mi ń jórin lọ níbẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti tún àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe, ó gbé e kalẹ̀ dè wọ́n.

À ń wakọ̀ bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé ló wá rọra bi mí pé, "Ṣé ó tiẹ̀ lọ tààrà?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kò rí i. Ilẹ̀ ló ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì gbọ́ ohun tí alámòójútó sọ, torí ẹ̀bẹ̀ ló kún etí rẹ̀. Nígbà tó ń sọ fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà pé ẹ́ńjìnnì mi kò ní kúrò, kò mọ̀ bóyá mo lọ tààrà tàbí mo tún ti yà. Mo la ẹnu láti dáhùn, èmi abẹnugan. Ẹkún ló jáde. Ó ní àbí ó yà ni. Mo ní rárá, ó lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ tó ti kà á tán, kí àwọn ọmọ, kí Màmá àti orúnkún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fóònù ká mi sílẹ̀ ní kí n kí ọ, ó ti yege ìdánwò rẹ̀, òun náà ti ń tẹ bíréèkì. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí fáànù má fẹ́ ìwé rẹ dànù.

Èmi ni tìrẹ, nínú oòrùn àti èéfín táyà,

Ìyàwó Jórinjórin.